Iro, Ose, Oko

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní ìwé tí àgbàlagbà òyìnbó kan kọ, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, nípa bí òun ṣe gbé ìgbé ayé rere. Mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, ó di ohun ọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi ni ó ń kà á. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti kú kí èmi tó ṣí i.

Òyìnbó náà ń jí tọpẹ́tọpẹ́. Ó dájú pé kò gbé Ìkọ́tún rí, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti máa ń jí ènìyàn kí ọpẹ́ tó dé. Níbi tí ó ti sọ pé òun àti aya òun kò jà rí, mo rí ìkọ̀wé ìyàwó mi létí ìwé: Iro. Ose. Oko.

Kò sí àmì kankan lórí wọn. Gbogbo ìgbà tí a fi gbé pọ̀, ìjà wa kò ju àmì ohùn lọ. Yorùbá ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ó kọ ọ́ sínú bébà nígbà kan pé kí n ra 'agbon' bọ̀, mo sì gbé agbọ̀n ńlá wọlé. Àgbọn ni ó fẹ́ jẹ. Mo mọ̀.

'Irọ́' ni ìkíní. 'Òṣé' ni ó tẹ̀lé e. Ó dà bíi pé mo gbọ́ bí ó ṣe pa á. Ìkẹta ni ó rú mi lójú. Bí ó bá jẹ́ 'oko', òyìnbó yẹn ni ará oko. Bí ó bá jẹ́ 'ọkọ', èmi ni ó pòṣé sí. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbé ayé rere ni òun gbé lọ́dọ̀ mi.

Mo gbé ìwé náà lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìdímù. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ṣá? Irọ́ wo? Ìró ni. Ọṣẹ ni. Ẹrù tí a fẹ́ kó lọ sọ́sípítù n'Ígàndó lọ́jọ́ tí àìsàn rẹ̀ le ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìwé lọ́wọ́, kò sí bébà nítòsí."

"Oko wá ńkọ́?"

"Ọkọ̀! Kí n lọ pe ọkọ̀ wá. Àbí ọmọlanke lẹ fẹ́ ká fi gbé e ni?"

"Kò lè jẹ́ ọkọ?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé, tẹ́ ẹ̀ ń wá gíláàsì ojú yín kiri? Ta ní í kọ ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹrù, jàre? Ẹ fi àmì sí i, kó tán."

Mo délé, mo mú bírò. Mo fi àmì méjì sórí ìró. Mo fi kíún mẹ́ta sábẹ́ ọṣẹ, ọ̀kan lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan ìkẹta, mo fi kíún méjì sábẹ́ rẹ̀, n kò sì fi àmì ọkọ̀ sórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dán irú rẹ̀ wò ní kíláàsì mi, òdo ni ìbá gbà.