Ohun Tí Wọ́n Rí Nínú Ìfun Adìẹ Mi

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi. Ọmọ ìjọ onígbàgbọ́ ni mí láti Kúdẹtì, tíṣà ni mí. Mùsùlùmí ni gbogbo agboolé tí mo wọ̀ ní Bẹyẹrunka. Ọkọ mi ra adìẹ òyìnbó méjìlá fún mi, mo ń sìn wọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn èèyàn a máa se ẹyin wọn jẹ, àmọ́ ìyá ọkọ mi fẹ́ràn kí n fọ́ ọ ní tútù sínú ẹ̀kọ mímu fún wọn láàárọ̀.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà dé sí ìyá ọkọ mi. Kó tó di ìrun àílà ọ̀sán, wọn ò lè dìde mọ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì dá wọn dúró síbẹ̀.

Bí mo ṣe padà délé, mo gbọ́ ohùn ìyàwó àgbà kan lẹ́yìn ògiri:

"Ẹ̀kọ ta ni wọ́n mu lánàá?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ mi ní òun ti yó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan wá láti ọsibítù pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìgò kéékèèké. Ó béèrè ohun tí ìyá jẹ. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ẹyin yẹn jinná, Tíṣà?"

"Ẹ̀kọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ọ̀gá."

"Ẹ jẹ́ n rí àwọn adìẹ yẹn."

Mo ń dì wọ́n mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nu ihò ìdí wọn, ó ń kì í bọ ìgò. Ọ̀kan fi èékánná ya mí lápá. Mo ní, "Ṣebí ara wọn le?"

"Ara wọn lè le, kí kòkòrò wà nínú ìfun wọn. Àwa èèyàn ló máa ń mú."

Lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá. Gbogbo agboolé pé jọ. Ó kọjú sí baálé wa:

"Kòkòrò tí a rí nínú ìgbẹ́ ìyá, òun náà la rí lára mẹ́ta nínú adìẹ yìí. Kì í ṣe májèlé o."

Láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti dé, kò tíì sẹ́ni tó pe ọ̀rọ̀ májèlé yẹn síta. Mo jókòó sórí odó, mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi wá dúró tì mí, kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Má bínú." A pa adìẹ mẹ́ta náà, a sin wọ́n. Ọkùnrin náà kìlọ̀ pé ẹyin gbọ́dọ̀ jinná dénú, ká sì máa fi ọṣẹ fọwọ́.

Nígbà tí wọ́n dá ìyá sílẹ̀, wọ́n ti rù. A sọ̀ nínú mọ́tò ní Bẹẹrẹ, wọ́n gbára lé èjìká mi. Àṣé ọ̀rọ̀ náà ti dé etí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "èmi ò rò ó sí ọ rí."

Nígbà tí mo tẹ́ ẹní fún wọn tán, mo sùn lọ́sàn-án gangan, mi ò sì gbọ́ ariwo kankan títí ilẹ̀ fi ṣú.