Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Rí Lẹ́ẹ̀kan

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí ọdún mọ́kànlá ló fi ránṣọ kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ áàpù orí fóònù wò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa fi dán an wò, òní ló sì pé. Aago mẹ́rin ni áàpù tó ń rán aláìsàn létí oògùn máa jáde. Aago mẹ́ta ti lù, àṣìṣe kan sì há Abẹ́rẹ́ lọ́fun bí eegun ẹja.

Àárọ̀ ló rí i: áàpù ní aláìsàn ti lo oògùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó tún un ṣe nígbà ogójì, kò rí i mọ́.

"Ojú ló ń tàn ẹ́," ni Kò-Síṣòro wí, ọkùnrin tó kọ áàpù náà. Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Kí ló jẹ́ ìṣòro lójú tiẹ̀ rí?

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ohun tí o ò bá lè fi hàn wá lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe àṣìṣe. Aago mẹ́rin, ó ń lọ."

Abẹ́rẹ́ ń làágùn lábẹ́ fáànù. Kí ló yàtọ̀ láàárọ̀? Háà! Ìyá rẹ̀ ló pè é. Òfin ibẹ̀ sì ni pé kéèyàn ti ìpè pa lórí fóònù tó bá fẹ́ fi dán nǹkan wò. Ó gbàgbé. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ pè tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tì í. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi lé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, ká má purọ́. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyá yẹn sì gba fóònù gbọ́ ju ọmọ tó bí lọ.

Ó dìde. "Ọ̀gá, mi ò ti ìpè pa láàárọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó ṣí ìpè, ó ṣètò oògùn sí ìṣẹ́jú tó ń bọ̀, ó wá fi fóònù orí tábìlì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ẹ pè mí kíá."

Ìránnilétí oògùn yọ lójú fóònù, ìpè wọlé lé e lórí. Ó DÁA, O TI LÒ Ó, ni áàpù kọ. Kò-Síṣòro sún mọ́ ọn, ó tún un kà.

Abẹ́rẹ́ gbé ìpè náà, ohùn ìyá rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu fóònù.

"A ti gbà á, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìpè yìí, kẹ́ ẹ tún un pè. Ẹ̀ẹ̀mejì la gbọ́dọ̀ rí i."