Òṣùpá Júpítà àti Pèrègún Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀ tí ẹ ń pè ní ẹ́sítéètì yìí, oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé tí ìyá àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ ó máa wojú ara yín. Ẹ ṣáà jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ó kàn dùn mí ni, ó sì ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Abúlé wa wà láàárín Àjáh àti Lakowe. Ẹ̀yìn wa ni ọ̀sà, iwájú wa ni ibi tí wọ́n ti ń la títì ńlá tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà náà. Katapílà á máa han láti àárọ̀, eruku á bo ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi sá sóòrùn, ìyá mi á sì máa ṣépè fún un bí ẹni pé katapílà létí. Kò sí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ní abúlé náà. Pèrègún ni ìwé wa. Àwọn baba ńlá wa ló gbìn wọ́n sí ààlà, láti etí ọ̀sà títí dé ibi tí títì gbà kọjá, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ pé ibi tí pèrègún bá wà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ẹnìkan parí sí. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, bàbá mi àti bàbá kejì tí a jọ pààlà á kó àwa ọmọ ilé méjèèjì jọ, a ó rin ààlà náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì fọwọ́ kan pèrègún. Wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Ibí ni o." Èmi náà fọwọ́ kàn án, obìnrin tí mo jẹ́ yìí.

Nígbà tí iṣẹ́ títì kan ọ̀dọ̀ wa, ọ̀gbẹ́ni kan dé tó ń wọn ilẹ̀. Sọ́féyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í pariwo mọ́ àwọn lébìrà rẹ̀, bàbá mi sì fún un ní yàrá kan nínú ilé wa. Ó ní awò kan tó máa ń gbé lé orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òun ló fi ń wo ọ̀ọ́kán kó lè mọ ibi tí títì máa gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun màgàríbì tán, Sọ́féyọ̀ gbé awò náà sí àgbàlá, ó dojú rẹ̀ kọ òkè. Ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí kì í ṣẹ́jú. Mo pariwo pé Àgùàlà ni. Ó ní, "Rárá o, àbúrò mi. Àgùàlà kọ́ nìyẹn. Júpítà ni wọ́n ń pè é, òun ló tóbi jù nínú gbogbo àwọn tó ń yí oòrùn po. Wá wò ó."

Mo fojú sí i. Háà! Mo rí rogodo funfun kan, àwọn tíntìntín mẹ́rin sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, bí ọmọ adìyẹ tó tò tẹ̀lé ìyá wọn. Sọ́féyọ̀ ní òṣùpá rẹ̀ ni wọ́n. Ó ní ọ̀kan péré làwa ní, Júpítà ní púpọ̀, àmọ́ mẹ́rin yìí nìkan ló tóbi débi tí awò òun fi lè rí wọn. Ó ní ọ̀kan ń pọ iná láti inú ara rẹ̀, yìnyín ló bo ọ̀kan kanlẹ̀, ọ̀kan tóbi ju gbogbo òṣùpá tí wọ́n tíì rí lọ, ìkẹrin sì rí kòtò-kòtò bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ìyá mi ní, "O ti débẹ̀ ni?" Sọ́féyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó ti rán ẹ̀rọ kan gba ibẹ̀ kọjá, òun ló ya àwòrán wọn.

Ó wá kan bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò náà títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó béèrè pé, "Àwọn ọmọ yìí, wọn kì í sá lọ?"

"Wọn kì í sá, Bàbá. Wọ́n ń yí i po ni, oníkálùkù ló ní ọ̀nà tiẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn jù yẹn, ẹ ò ní rí i lọ́la ní irú àkókò yìí, á ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá di ọ̀túnla, ẹ ó tún rí i."

Ọjọ́ kejì, èrò kún àgbàlá wa. Mẹ́ta la rí. Ọjọ́ kẹta, ìkẹrin padà wá, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Bàbá mi ṣí fìlà, ó ní, "Àwámárìídìí Ọlọ́run!" Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí Sọ́féyọ̀ bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Pèrègún wa ga, ewé rẹ̀ kún, ó dí awò lójú. Sọ́féyọ̀ bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun gé orí wọn, òun á kan èèkàn sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ: "Gígé kẹ̀? Pèrègún tí ẹ bá gé á tún rú, á tún dí yín lójú. Ẹ jẹ́ ká hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ká kó o síbòòji. Tí iṣẹ́ bá parí, a ó dá a padà sójú ihò rẹ̀."

Ìyá mi fò dìde. "Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun. A kì í hú ààlà. Ẹ jẹ́ kó wá ibòmíràn gbà."

Bàbá mi wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹni tó mọ ibi tí òṣùpá ìràwọ̀ máa wà lọ́la, ṣé òun ló máa wá ibi tí pèrègún wà tì? Ẹ̀yin obìnrin!"

Bàbá kejì náà gbà, òun náà ṣáà ti wo awò. Kò sí ẹni tó fipá mú wa. Ọwọ́ ara wa la fi hú u, tá a ń kọrin, tá a ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gá Sọ́féyọ̀ gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá parí tiwa. Kò padà wá. Mi ò ní ṣépè fún un, ibi tí wọ́n bá rán oníṣẹ́ ló ń lọ. Òjò dé, katapílà da yanrìn bo èèkàn rẹ̀ pátá, ó sì wá ku àwọn pèrègún tí a kó jọ, tí wọ́n ń rọ. Àánú wọn ṣe ìyá mi. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ó gbìn wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n má bàa kú títí Sọ́féyọ̀ á fi dé. Gbogbo wọn ló yè. Ká ní wọ́n ti kú ni, ìbá sàn.

Nígbà tí títì parí, ilẹ̀ di góòlù. Bàbá kejì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ilẹ̀ fún ọkùnrin kan láti Èkó, wọ́n ta oko tiwa mọ́ tiwọn. Bàbá mi gbé ẹjọ́ lọ bá àwọn àgbààgbà ìlú. Wọ́n ní àwọn á wá fojú ara wọn wo ilẹ̀ náà. Ọkùnrin tó rà á rìn lọ tààrà sẹ́yìn ilé ìdáná wa, ó nàka sí pèrègún tí ìyá mi gbìn, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, kí lèyí?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ibi tí pèrègún bá wà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ parí sí, gbogbo oko wa sì ti bọ́ sí òdì kejì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ní Sọ́féyọ̀ mọ ibi tí àwọn yẹn wà tẹ́lẹ̀, pé Sọ́féyọ̀ yẹn ló sọ ibi tí òṣùpá Júpítà máa dúró, tó sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà kan ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀ la wá wò, ìwọ ń sọ tòkè." Mo wo àwọn ọmọ tí a jọ máa ń rin ààlà, tí wọ́n fọwọ́ kan pèrègún bí èmi náà ti fọwọ́ kàn án. Gbogbo wọn wolẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ìdí ohun tó gbìn, ó ń lu àyà, kò sì sí ẹni tó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oko lọ. Ilé tó kù fún wa, wọ́n fi ògiri ẹ́sítéètì yí i ká títí omi òjò fi ń bá wa lórí ẹní, a kó jáde lọ gba yàrá ní Àjáh. Bàbá mi ò fìgbà kan bú Sọ́féyọ̀. Tí Júpítà bá yọ nírọ̀lẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ojú lásán wò ó, ojú tí kò lè rí òṣùpá rẹ̀ kankan. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ohun tí kò kàn mí, tó jìnnà sí mi, òun ni mo mọ ipò rẹ̀." Ìbànújẹ́ ló pa bàbá mi, ohunkóhun tí dọ́kítà ì báà pè é.

Ó ti ní kí a tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun, létí ọ̀sà, ibi tó ti bọ́ sínú ẹ́sítéètì. Mo lọ sí géètì ẹ́sítéètì. Àwọn sìkiọ́rítì ní, "Màmá, ta lẹ fẹ́ rí? Ta ló ń retí yín nínú ilé?" Mo ní bàbá bàbá mi ni. Wọ́n wo ara wọn. Wọn ò bú mi o, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn ò kàn ṣí géètì ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ayé yín yára. Ẹ ń fi fóònù fi àwòrán àwọn òṣùpá yẹn hàn mí, ẹ ní wọ́n ṣì ń rí tuntun sí i. Ó dára. Láyé tiwa, ọwọ́ la fi ń mọ ilẹ̀ wa, ẹ̀rí ọkàn aládùúgbò ló sì ń bá wa ṣọ́ ọ. Méjèèjì ti tán.

Itẹ́ òkú ìjọba la gbé bàbá mi lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni mo bá lójú sàréè rẹ̀. Mo bi ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n máa ń tún ibẹ̀ lò ni." Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ náà, mo ṣàdúà fún òkú olókùú.