Lẹ́yìn Ìró Ìyá Rísì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa tí ó wà lẹ́yìn Akanran, ọmọ tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ kì í sá wọ igbó, nítorí ejò wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Rísì là ń sá lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lóko mọ irú ohun tí mò ń sọ. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó fọ́, tàbí tí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́ tí wọ́n ní kí ó ṣọ́ nígbà tí òun wà nídìí ayò, kò ní dúró ṣàlàyé. Ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fèsì.

Ìsàlẹ̀ abúlé ni Ìyá Rísì ń gbé. Mùsùlùmí ni wọ́n, opó ni wọ́n, gàrí ni wọ́n sì ń yan lábẹ́ àtíbàbà kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Bí a bá já lu wọ́n níbẹ̀ tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn kì í béèrè ohun tí a ṣe. Wọn á ní, "Jókòó. Bá mi wo iná." Ọmọ náà á máa ti igi bọ iná, Ìyá Rísì á máa ro gàrí, títí tí gàrí inú agbada á fi gbẹ. Wọn á wá bu èyí tó gbóná díẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ó jẹ ẹ́, nítorí wọ́n máa ń sọ pé ẹnìkan ò gbọdọ̀ fi ebi gba pàṣán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọn á so ìró wọn le, wọn á sì mú un lọ sílé.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa ń gbà ṣe é. Ìyá Rísì á wà níwájú, ọmọ á wà lẹ́yìn, á di etí ìró wọn mú. Òbí á fajú ro, á ka ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Ìyá Rísì á máa sọ pé, "Òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ẹ fi jì mí." Wọn kì í sọ pé ẹ fi jì í. Ẹ fi jì mí ni wọ́n máa ń wí, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n fọ́ ìkòkò. Nígbà tó bá yá, òbí á ní, "Ọlá yín ló jẹ," ọ̀rọ̀ á sì tán. Ìgbà kan wà tí bàbá Kẹ́hìndé, ọ̀rẹ́ mi, kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Pàṣán tí wọ́n nà sí Kẹ́hìndé ba Ìyá Rísì lápá, apá náà sì wú. Kẹ́hìndé ò jẹ ẹyọ kan. Bàbá Kẹ́hìndé ló wá di ẹni tí ń bẹ Ìyá Rísì, ó sì nira fún wọn, nítorí wọn ò rí ẹ̀yìn ẹni tí àwọn máa sá sí.

Bàbá mi ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, bí òjò bá sì dé, páànù orí rẹ̀ a máa pariwo ju oníwàásù lọ. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń kọ́ àwa ọmọdé. Ẹ̀kọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀: gbogbo ènìyàn ló ti ṣẹ Ọlọ́run, ẹni tó ṣẹ̀ kò lè dá padà wọlé, àfi kí alárinà mú un wọlé. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó fẹ́ ìgbàlà nawọ́ sókè, gbogbo wa là ń nawọ́, pàápàá tí òórùn ìrẹsì bá ti ń ti ilé pásítọ̀ bọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ẹnìkan nínú wa á tún ti wà lábẹ́ àtíbàbà Ìyá Rísì.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Bàbá bi wá pé, "Ta ló dúró láàárín àwa àti Ọlọ́run, tó ń bá wa bẹ̀bẹ̀?"

Kẹ́hìndé nawọ́. "Ìyá Rísì ni, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ó gbà á. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní Jésù ni. Kẹ́hìndé ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó gbà. Bàbá wá bi wá bóyá a rí apá Ìyá Rísì lọ́jọ́ tí ó wú. A ní a rí i. Wọ́n ní ohun tí àgbélébùú jẹ́ nìyẹn: pàṣán tiwa ló bà á. N kò ní purọ́, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ Jésù, nítorí mo ti fojú mi rí apá yẹn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn náà ni Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, lọ dọdẹ okété. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á dáná sí ẹnu ihò kan, wọ́n á fẹ́ èéfín rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì dúró de ẹran lẹ́nu ihò kejì. Bọ̀dá Délé dúró dáadáa. Iná náà ni kò dúró. Ọyẹ́ gbé e wọ oko kòkó tí Bàbá fọwọ́ ara wọn gbìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ó sì jó o kanlẹ̀. Okété náà kò tilẹ̀ jáde.

Bọ̀dá Délé sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rísì bó ti yẹ. Kò bá ẹnìkan níbẹ̀. Rísì, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìbàdàn, Ìyá Rísì sì ti lọ bá a wẹ ọmọ. Àwọn tó rí Bọ̀dá Délé ní ó dúró lábẹ́ àtíbàbà yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo agbada tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kó tó gba ọ̀nà títì lọ. Ẹgbẹ́dá ló sá dé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wa, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ fọkanáísà. Bàbá dúró láàárín eérú oko wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Délé ò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́." Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju igbe lọ.

Láti ìgbà náà, a ò dárúkọ rẹ̀ nílé mọ́. Ìyá mi ò bá Bàbá jiyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fọ abọ́ tiwa tán, wọ́n á mú abọ́ Bọ̀dá Délé, tí ẹnìkan ò fi jẹun, wọ́n á fọ òun náà, wọ́n á sì dà á dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Nígbà tí Ìyá Rísì ti Ìbàdàn dé, wọ́n wá bá Bàbá.

"Ẹni tí ẹ fẹ́ bá bẹ̀bẹ̀ dà?" ni Bàbá wí.

Ìyá Rísì wẹ̀yìn, wọn ò rí ẹnìkan, wọ́n sì padà sílé. Bí òfin ẹ̀bẹ̀ ṣe rí lábúlé wa nìyẹn: ẹlẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ń ba Bọ̀dá Délé, kò lè wá. Bàbá ni wọ́n ṣẹ̀, àwọn náà ò lè ránṣẹ́. Koríko hù bo eérú. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní wálé mọ́ láyé, mo sì máa ń sunkún lójú ọ̀nà odò níbi tí Bàbá ò ti ní rí mi.

Gbogbo ìgbà yìí, Bàbá ò pa ẹ̀kọ́ jẹ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọ̀rọ̀ ìlàjà ló kàn, bí Ọlọ́run ṣe bá ènìyàn rẹ́ padà. Wọ́n kọ́ wa dáadáa. Kẹ́hìndé bá tún nawọ́.

"Sà, ta ló rán Jésù pé kó wá bẹ̀bẹ̀?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run tí wọ́n ṣẹ̀?"

"Òun náà ni."

"Ṣé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló wá bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wá ẹlẹ́bẹ̀?"

Bàbá wo òkè igi máńgòrò. Wọ́n ní kí a kọrin. A kọrin títí ọ̀fun wa fi gbẹ, tí àwọn àgbàlagbà parí ìsìn tiwọn tí wọ́n jáde wá ń wò wá. Nígbà tí à ń lọ sílé, Bàbá wà níwájú, wọ́n rìn kọjá ilé wa. Ìyá mi ló pè wọ́n padà.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n ru ẹ̀gẹ́ tẹ̀lé àwọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rísì. Wọ́n jókòó sórí ìtì igi. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n wúkọ́.

"Ìyá Rísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bẹ̀ mí."

Ìyá Rísì ò dáwọ́ gàrí tí wọ́n ń rò dúró. "Nígbà wo?"

"Ọjọ́rú dára."

"Ta ni kí n mú sẹ́yìn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ẹgbẹ́dá jìnnà sí arúgbó."

"Mo ti bá ọlọ́kadà sọ ọ́. Kò ní sáré."

Ìyá Rísì ro gàrí síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. "Bàbá Délé, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ lábúlé yìí. Ẹnìkan ò tíì wá sọ fún mi pé kí n wá bẹ òun."

"Èmi náà ò ṣe irú rẹ̀ rí," ni Bàbá wí. Lójú ọ̀nà, wọ́n sọ fún mi pé etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Bàbá ò lọ sóko. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n sì ti fajú ro sílẹ̀ láti àárọ̀, nítorí wọn ò mọ ìgbà tí àlejò máa dé. Nígbà tí Ìyá Rísì yọ, Bọ̀dá Délé wà lẹ́yìn wọn. Ó ti ga jù wọ́n lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó di etí ìró wọn mú bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò. Ìyá Rísì fẹ́ kúnlẹ̀, Bàbá sáré dì wọ́n mú. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ débi pé ìyá mi, tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò náà, bú sẹ́kún. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ oko kòkó, ohùn wọn le. Ìgbà tí wọ́n dé orí àwọn igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ohùn náà já mọ́ wọn lẹ́nu. Mo rí i pé ó ṣì ń dùn wọ́n, àti pé wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú bó ṣe ń dùn wọ́n yẹn.

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Rísì ń wí. "Òótọ́ ni. Ẹ fi jì mí."

Bàbá rántí pé ó yẹ kí àwọn ṣì máa bínú. "Ta tiẹ̀ ló ní kí ẹ mú un wá?"

Ìyá Rísì wo Bàbá dáadáa. "Ẹni tí ó ni ọmọ ni."

Bàbá wúkọ́. "Ọlá yín ló jẹ," ni wọ́n wí. Bọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò fẹ́ dìde mọ́, àfìgbà tí Bàbá ní kó lọ jẹun. Ìyá mi ti gbé abọ́ rẹ̀ jáde. Bàbá bi í bóyá ọlọ́kadà yẹn sáré lọ́nà, ìyá mi sì yíjú wò wọ́n.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá ní kí Kẹ́hìndé dìde. "Ìbéèrè rẹ ìjọ́sí," ni wọ́n wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló rán an." Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ti parí, ká máa lọ sílé.

Ó pẹ́ gan-an tí Bọ̀dá Délé fi gbà pé Ìyá Rísì ló rántí òun. Nígbà tí Ìyá Rísì kú, tí a ń ti ibi àdúrà wọn bọ̀, mo sọ òótọ́ fún un nínú ọkọ̀. Ó rọra dúró sẹ́bàá ọ̀nà.

"Bàbá ni?" ló wí.

Mo ní àwọn ni.

"Wọ́n fajú ro sí mi."

Mo ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti fajú ro. Ó yí ọkọ̀ padà sí abúlé. Bàbá, tí wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ń sùn lórí àga. Bọ̀dá Délé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn títí wọ́n fi jí. Wọ́n bi í bóyá kò sí o. Ó ní kò sí, sà.

Ayé ti yàtọ̀ báyìí. Ẹgbẹ́dá ni èmi náà ń gbé, ògiri yí ilé wa po, géètì sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ aládùúgbò mi, ìró jẹnẹrétọ̀ wọn ni mo mọ̀. Nígbà tiwa, ọmọ tó bá ṣẹ̀ mọ ibi tó ń sá lọ. Tòní á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á sì fi àwòrán ojú tó ń sunkún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ tó wà ní pálọ̀.

Láìpẹ́ yìí, Tóbi, ọmọ mi, ń sọ fún mi pé ìpàdé ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ló sì ń lọ. Èmi ni mò ń darí ìpàdé náà. Irọ́ náà dùn mí. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, òun náà ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kò kàn rí ẹ̀yìn ẹni tó máa sá sí ni. Mo gbé fóònù, mo pe Bọ̀dá Délé ní ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bẹ̀ mí."

Mo gbọ́ tí ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà wo?"

"Ọjọ́rú dára."

Lọ́jọ́rú, mo gbé àga síta, mo fajú ro. Bọ̀dá Délé dé, ó wọlé lọ, ó sì mú Tóbi jáde sẹ́yìn ara rẹ̀, ọmọ náà di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ Tóbi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni, kí n fi ji òun. Mo bi í pé ta tiẹ̀ ló ní kó wá.

Ó wò mí dáadáa. "Ẹni tí ó ni ọmọ ni."

Mo wúkọ́, mo ní ọlá rẹ̀ ló jẹ, mo sì ní kí Tóbi lọ jẹun.