Ohun tí Òróró Kajú Fi Ojú Mi Ṣe

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo bí àwọn ìbejì mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ara mi dáadáa. Ẹni tó bá ń tọ́ ìbejì kì í ráyè dígí. Lọ́jọ́ náà, mo lọ ya fọ́tò káàtì ìdánimọ̀ ní Pọ́bẹ̀. Ayàfọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ó dà bíi pé èédú wà níbẹ̀." Mo fi etí ìró nu ún, kò kúrò. Mo tutọ́ sí i, mo tún nu ún, kò kúrò. Kì í ṣe èédú. Àbàwọ́n dúdú méjì ni, ọ̀kan lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lórí ti òsì, wọ́n tẹ́ bí ìgbà tí epo bá kán sórí aṣọ.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Pọ́bẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni àwọn obìnrin ń dúró síwájú mi tí mo ń wọn èjìká àti àyà wọn. Láti ọjọ́ fọ́tò yẹn, àfi bí ẹni pé gbogbo wọn di oníṣègùn. Ọ̀kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ọ̀kan ní ìtọ̀ ọmọ tuntun ni oògùn rẹ̀, pé mo tilẹ̀ ní ọmọ méjì nílé, kí ni mo ń wá kiri? Oníbàárà mi kan tó ń ti Ahoyéyé wá ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni òun fi pa tòun rẹ́. Èyí ló rọrùn fún mi. Mo ń gé e sí méjì, mo ń fi ra ojú láràárọ̀, màá sì lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, màá máa ṣẹ́ etí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ojú mi fi pọ́n, tó ń ta mí, tí àbàwọ́n méjèèjì sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ fún oníbàárà yẹn. Ó ní, "Ẹ ò tíì fi í pẹ́ ni. Ẹ máa fi lọ."

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn, tí wọ́n bá pàdé lára awọ, jíjó ni wọ́n ń jó o. Ọkọ mi nìkan ló ní, "Fi ojú rẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú náà ni mo fẹ́." Mo bínú sí i. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí n dákẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Sakété. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, nítorí náà, tó bá ní kí n jókòó, mo ti jókòó. Ọjọ́ kan tí mo gbé àwọn ọmọ lọ kí i, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀.

"Kí lo fi kan eléyìí?"

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọsàn wẹ́wẹ́! Ohun tí a fi ń fọ ẹja. Dúró."

Ó wọ yàrá, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ó sì ki bí oyin. Ó ní ara èèpo kóró kajú ló ti ń jáde, pé lọ́wọ́ àwọn tó ń sun kajú ni òun ti gbà á. Òun fi jó kókó kékeré kan bọ́ lọ́rùn òun, ibẹ̀ sì ń dán báyìí. Ó na ọrùn sí mi. Lóòótọ́, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mà ni tèmi."

"Ṣé awọ ojú yàtọ̀ sí awọ ọrùn ni? Èmi tí mo wẹ̀ fún ọ, tí mo pọ̀n ọ́, èmi ni màá wá ba ojú rẹ jẹ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo jókòó lórí àpótí, mo dijú. Ó fi òwú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn náà ó gbóná díẹ̀. Mo ní kò burú. Bó ṣe fẹ́ bọ́ sí ti òsì ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bú sẹ́kún, mo sì dìde lọ fún un lọ́mú. Ẹkún ọmọ yẹn ló gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi là.

Kí takisí tó gbé wa dé Pọ́bẹ̀, ojú mi ti ń jó bí ẹni pé wọ́n fi irin ìlọṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó léròrò. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ́, omi ń ṣàn, ojú ọ̀tún mi sì wú débi pé mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni," ó ní. "Àbàwọ́n náà ló ń jáde. Má fọwọ́ kàn án."

Ó ń ṣiṣẹ́! Odindi ọjọ́ méjì mìíràn ni mo tún fi dúró nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Títí di òní, ọjọ́ méjì yẹn ló ń bí mi nínú jù, nítorí kò sẹ́ni tó fi okùn dè mí mọ́lé. Ọgbẹ́ náà ti gba ọyún, ara mi sì ti ń gbóná, kí ọkọ mi tó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi jẹ́ obìnrin àgbà. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Kajú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Iná ló jó yín, màdáàmù. Òróró yẹn, iná ni, ẹ ò kàn rí èéfín rẹ̀ ni."

Ó ń fọ ọgbẹ́ náà, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára aboyún, pé ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń ṣá fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, tí wọ́n bá ń ṣíji bo ojú nínú oòrùn. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ, dókítà awọ ara ló yẹ kó rí i.

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ wá síbí?"

"Mo rò pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, pé mo gbé àbàwọ́n lásán wá síbi tí àwọn aláìsàn wà."

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó fi àpá sílẹ̀, àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ dúdú, ó sì fẹ̀ ju àbàwọ́n àkọ́kọ́ lọ. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, tí òróró ò kàn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí àwọn ọmọ tó máa rìn. Mo máa ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, inú á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lọ́tun.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Àfi bí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, irorẹ́ sì kún iwájú orí rẹ̀.

"Tàǹtí, màmá ní tí mo bá ti ilé ìwé dé, a máa fi òróró yẹn pa irorẹ́ mi. Ṣé kò ní ṣe mí bó ṣe ṣe yín?"

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò tilẹ̀ kó aṣọ tó wà lórí máṣíìnì, mo wọ takisí lọ sí Sakété. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo bá nílé.

"Ẹ fún mi ní ìgò yẹn."

"Ìgò wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ojú mi."

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn án. Mo ní má fọwọ́ kàn án, o ò gbọ́. Tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àpá náà. Mi ò ṣe irú rẹ̀ sí i rí láyé mi. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fà á kúrò. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń to àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun. Mo wọ yàrá fúnra mi, mo rí ìgò náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ jù ú sínú ṣáláńgá.

"Ó ti di ọ̀gá mi," ni mo ń gbọ́ tó ń sọ fún ògiri.

Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún àwọn ẹbí pé ìlara ni, pé mi ò fẹ́ kí ojú ọmọ òun dán ju tèmi lọ. Mo mú ọmọ náà lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn. Ó fún un ní ìpara, ó ní kó má tẹ irorẹ́ náà, kó sì ní sùúrù. Irorẹ́ náà kò tíì tán, ṣùgbọ́n awọ ojú rẹ̀ pé.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ wá sí Pọ́bẹ̀, ó gbé aṣọ wá pé kí n rán an fún òun. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì bi í. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn ìgbáròkó rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé ó ṣì máa ń dùn ọ́?"

"Tí oòrùn bá mú gan-an."

Ó mi orí. Mo dúró, bóyá ó máa fi nǹkan kan kún un. Ó ní kí n má jẹ́ kí apá aṣọ náà fún òun jù.