Onígbàjámọ̀ Tó Tún Padà Sídìí Abẹ́rẹ́

Láti kékeré ni àtọ̀gbẹ ti ń bá onígbàjámọ̀ yìí fínra, irú èyí tí ara kì í lè pèsè ínsúlínì rárá. Abẹ́rẹ́ ló fi ń jí, abẹ́rẹ́ ló fi ń sùn. Èyí tó burú jù ni pé bí ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀, kì í mọ̀ ọ́n lára; á kàn dúró sójú kan bí ère. Ta ló máa gbé ọ̀fun fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó fi abẹ fá a? Ẹ̀rọ ìgẹrun nìkan ló ń lò.

Nígbà tó yá, àwọn dókítà mú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlínì lára ẹnì kan tó kú, wọ́n dà á sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ayé dẹ̀rọ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko, kò gún abẹ́rẹ́. Ó tún mú abẹ jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé bàbá rẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fá irùngbọ̀n òun mọ́.

Àmọ́ oògùn tí kò jẹ́ kí ara rẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì àlejò jáde ló tún ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi oògùn sílẹ̀, ó padà sídìí abẹ́rẹ́, kò sì sọ fún bàbá. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Bó bá sọ ọ́, abẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe ló sì ń jẹ́ kó rí ara rẹ̀ bí èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, ó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá lápá kan, ó bọ́ sí ìkejì. Ìgbà tí ojú rẹ̀ máa wálẹ̀, òun ló wà lórí àga oníbàárà. Ohun mímu dídùn ti dà sí i láyà, abẹ sì wà lọ́wọ́ bàbá.

"Ọ̀fun mi lo gbé e lé," bàbá sọ. "Mo pè ọ́, o ò dáhùn. Mi ò lè mí títí mo fi rọra gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ó ti tó ìgbà wo tí àìsàn yìí ti padà?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Dìde, ká lọ sí òdìkejì."

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kejì ló wà lódìkejì títì, ọkùnrin tí bàbá àtọmọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ńṣe ló ń bó èèyàn bí ọsàn. Ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìtìjú bò ó. Ọkùnrin náà wo àgbọ̀n bàbá, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ta ló fá yín dé ìdajì tó wá sá lọ?"

Bàbá ò wo apá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

"Èmi ni mo ń fá a fúnra mi," ó ní. "Mo ti darúgbó."