Kòkó Tí Mo Sá Sójú Títì ní Istanbul

Ọdún méjì ni mo fi gbé Istanbul, oṣù mẹ́rin péré ni mo fi lọ síléèwé níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti mọ irú ọmọ tí mo jẹ́. Èmi ò mọ ìṣirò, ìyẹn náà wà lára ohun tó lé mi kúrò.

Kí n tó débẹ̀, mo kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kùtọnú, mò ń dúró de físà. Láti Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi fóònù kọ́ Faransé, mo kọ́ ọ títí ẹnu ń dùn mí. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì, mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó fi Yorùbá tó dáa ju tèmi lọ bi mí pé èwo ni mo fẹ́, ti gígùn àbí ti kékeré. Mo ra ti gígùn. Ìtìjú ni mo fi jẹ ẹ́, mi ò wá ọbẹ̀.

Ní Istanbul, ológbò ni olóyè ìlú. Wọ́n ń sùn lórí àga nílé tíì, wọ́n ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Lọ́jọ́ kan mo wọ bọ́ọ̀sì, àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ológbò ló jókòó síbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló dúró. Èmi náà dúró, pẹ̀lú báàgì lórí, fún odindi wákàtí kan. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó padà sùn. Iná ńkọ́? Iná kì í lọ. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sáré ki fóònù bọ iná níbikíbi tí mo bá dé, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa iná mọ́ lórí. Wọ́n sì máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé onílé, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀, òun ló ṣáájú mi kí wọn.

Èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ wa níléèwé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń mi orí bí alángbá. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ na ọwọ́ sí mi pé kí n wá yanjú ìṣirò kan lójú pátákó. Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Mi ò tíì tọ̀ tán títí dòní.

Wàhálà ibẹ̀ ni bàbá mi. Oko kòkó ni wọ́n ń ṣe ní Omifunfun, nítòsí Ọ̀rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ àwọn ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á pè mí, wọ́n á fi fóònù sí sípíkà, káwọn aládùúgbò àti àwọn àgbẹ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè gbọ́. Wọ́n á bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ náà. Mo máa ń hùmọ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó pè. Lọ́jọ́ kan ọpọlọ mi gbẹ, mo ní wọ́n kọ́ wa pé símẹ́ǹtì ń mumi. Mo wá gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fáwọn tó jókòó pé, "Ẹ gbọ́ o. Símẹ́ǹtì ń mumi."

Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nígbà yẹn nìyẹn. Kì í ṣe pé irọ́ náà ń dùn mí. Ó ti dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí: o mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ ni, o kàn ò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ni fífọ ìkòkò nílé ìtajà ṣokoléètì kan. Ìyá àgbà kan ló ni ín. Nínú wíńdò ṣọ́ọ̀bù náà, àwo gíláàsì ńlá kan wà tí wọ́n kó kòkó gbígbẹ sí fún wíwò. Ẹ wo ayé mi. Mo sá fún kòkó láti Omifunfun, kòkó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ó jókòó sínú gíláàsì bí àlejò pàtàkì, èmi wá ń gbálẹ̀ fún un.

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí oòrùn yọ, ìyá náà ti lọ ra ṣúgà, mo ń nu wíńdò, ni mo gbóòórùn ebu láti inú àwo kòkó yẹn. Ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e sétí, mo fún un mọ́wọ́. Nílé wa, bí kòkó bá gbẹ dáadáa, téèyàn bá fún un báyẹn, á máa ró pàkà-pàkà bí igi wẹ́wẹ́. Èyí ò ró rárá. Mo yẹ àpò kòkó tó wà lábẹ́ káńtà wò. Òun náà ò fọhùn.

Mo kó aṣọ tábìlì funfun mẹ́rin, mo tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo da gbogbo kòkó náà sórí wọn. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò sókè, mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́ àárín ẹ̀ kí ti ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní Ọ̀rẹ̀, mọ́tò ló ń yà fún kòkó. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò sí ní Ọ̀rẹ̀.

Èrò pé. Wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ká mi sílẹ̀. Ológbò kan wá nà gbalaja sáàárín kòkó, mo fi ẹsẹ̀ wọ́ kòkó yí i ká, mo ti mọ ipò mi nílùú náà. Nígbà tí mo dé ìpẹ̀kun tí mo yí padà, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì dé, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn, ó hàn pé wọn ò mọ òfin tí mo rú. Ọ̀kan bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Mo ní oòrùn.

Ìyá náà dé pẹ̀lú ṣúgà. Ó wo àwọn aṣọ tábìlì ẹ̀. Ó mú ẹyọ kòkó kan, ó bó o, ó gé e jẹ, ó tọ́ ọ wò. Ó wá gbé àga jáde, ó jókòó tì mí, ó ní kí n máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kí n má fi ẹsẹ̀ mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fídíò yẹn ti dé gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Kọ̀ndọ́kítọ̀ kan ló fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta púpurú àti ọbẹ̀ fáwọn dírẹ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní, "Ẹnjiníà kòkó, ṣé ìdánwò àṣekágbá yín nìyẹn?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí títọ̀ tí mo lọ tọ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní fóònù bàbá ò lè gba fídíò, tọ́ọ̀ṣì nìkan ló ní, ṣùgbọ́n ti àwọn àgbẹ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè gbà á, kí n yáa máa wá ohun tí mo máa sọ.

Ọjọ́ Ìsinmi pé, fóònù dún. Ó wà ní sípíkà, mò ń gbọ́ adìẹ. Mo dúró kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n kọ́ wa. Wọn ò béèrè.

"Mo rí ẹ," bàbá mi wí. "O tẹ́ ẹ nípọn jù. Tó bá nípọn báyẹn, ti ìsàlẹ̀ ò lè gbẹ."

Mo ní kí wọ́n má bínú.

"Ta ló kó kòkó náà wọlé?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dáa."

Wọ́n pa fóònù. Ó yẹ kí n sunkún. Ìkòkò mẹ́fà ló kù nílẹ̀, mo fọ̀ wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi mí léèrè ẹ̀kọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ṣé oòrùn yọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí àkókò ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú náà parí, mo padà wálé, ẹnikẹ́ni ò bú mi. Mo ti múra de èébú, ó wá dà bíi pé mo gbé agbòòrùn jáde lójò tí kò rọ̀.

Báyìí mò ń sá kòkó ní Omifunfun, mò ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́. Ẹnjiníà ni gbogbo èèyàn ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi á wá, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un létí, wọ́n á dà á sọ́wọ́ mi kí èmi náà gbọ́.

Bí àlejò bá wá, wọ́n ṣì máa ń sọ fún un pé símẹ́ǹtì ń mumi. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló kọ́ àwọn. Mi ò kì í dá sí i.